Ẹ Gbé Sípíkà Ìta Yẹn Sọ̀kalẹ̀

Lóṣù kẹjọ ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sálásí 20 pa nítorí ariwo. Títí dòní, bí wọ́n bá tún ti ṣọ́ọ̀ṣì kan, àwọn kan á ní inúnibíni ni. Àwa ò rí inúnibíni níbẹ̀. Òfin kan náà ló ti ilé ọtí àti hòtẹ́ẹ̀lì pa lọ́dún yẹn.

Ohun tí LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká l'Ékòó, fàyè gbà ládùúgbò tí èèyàn ń gbé ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo) 55 lọ́sàn-án, 45 lóru. Kí èèyàn méjì jókòó máa tàkurọ̀sọ lásán, ó lè ju 55 lọ. Ẹ wá wo sípíkà tí wọ́n so mọ́ òpó lókè ṣọ́ọ̀ṣì, tó lanu sí fèrèsé ilé onílé, tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn nídìí rẹ̀ ní aago méjì òru. Àwọn tó wà nínú ìṣọ́ òru náà lè má pé ogún. Wọn ò nílò sípíkà kí wọ́n tó gbọ́ pásítọ̀ wọn. Ará ìta ni wọ́n gbé e kọ́ fún: ọmọ tó fẹ́ kọ WAEC láàárọ̀, ìyá ọlọ́mọ tuntun, bàbá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ wọ dánfó kílẹ̀ tó mọ́.

Wọ́n á ní kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lè dé etí ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Ó ń dé etí wọn lóòótọ́, èpè ni wọ́n sì fi ń dáhùn. Lórí òkè Kámẹ́lì, àwọn wòlíì Báálì ló pariwo láti àárọ̀ dọ̀sán, tí Èlíjà ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé kí wọ́n kígbe sí i, bóyá òrìṣà wọn sùn ni. Nígbà tó kan òun, àdúrà rẹ̀ ò gùn rárá, iná sì bọ́ láti ọ̀run. Jésù ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà wọ yàrá lọ, kó tilẹ̀kùn. Kò sí ìjọ tí kò mọ ibẹ̀ yẹn.

Mọ́sálásí náà ń pariwo, kí ìjọba bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun ni ìmọ́lẹ̀ ayé kò gbọdọ̀ máa dúró kí ẹlòmíì kọ́kọ́ ṣe dáadáa.

Kí ẹgbẹ́ àwọn Kírísítẹ́nì, CAN, pàṣẹ fáwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pé kí gbogbo sípíkà tó kọjú síta kúrò, kí LASEPA tó dé. A mọ̀ pé ooru ń mú, fèrèsé ò ṣeé tì nígbà tí kò síná. Ohùn ẹnu lásán ò kúkú nílò iná. Kí àjọ náà sì máa padà lọ wo àwọn tó ti ṣí fún, nítorí bí àwọn kan bá ti sanwó ìtanràn tán, wọ́n á tún tan ẹ̀rọ wọn.

Pásítọ̀ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó lọ kanlẹ̀kùn àwọn ilé tó yí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ká, kó bi wọ́n bóyá wọ́n ń rí oorun sùn lóru Jímọ̀.