Èsì wa lórí bọ́ọ̀dù Arduino Uno tí wọ́n ní òkú la tà

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ nǹkan sílẹ̀, sà. A ti rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fún wa, a sì ti rí ibi tẹ́ ẹ ti ní "ayédèrú bọ́ọ̀dù, pin 9 ti kú kó tó dé ọwọ́ mi, ẹ má rajà níbẹ̀." Ó dáa. Àmọ́ torí àwọn tó máa ka èyí kí wọ́n tó rajà, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tẹ́ ẹ fò. Uno yìí, bọ́ọ̀dù kékeré téèyàn ń kọ ètò sí kó lè máa darí iná àti motor ni; pin ni àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀.

Kò sí bọ́ọ̀dù tó ń kúrò lọ́dọ̀ wa láìjẹ́ pé ọmọbìnrin tó ń tẹ́ẹ̀sì ọjà ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, tó sì ti tan LED, gílóòbù kékeré yẹn, lórí pin 2 títí dé 13. Tiyín, Monday ló ṣe é, ó buwọ́ lu páálí rẹ̀, Wednesday lẹ gbà á, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì kọ ọ́ sínú èébú yẹn pé LED tàn dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lórí pin 9 yìí kan náà. Òkú wá ń tan LED?

Àwòrán tẹ́ ẹ fi sí i ló tú àṣírí. Wáyà pupa motor wà nínú pin 9, dúdú wà nínú GND, ihò tí iná ń gbà padà, kò sí transistor tó ń fi iná kékeré ṣí iná ńlá, kò sí diode tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ẹ ní "motor kékeré ni, 5 volt lásán." Ta ló ń bá yín jà lórí volt? Kọ́rẹ́ntì là ń sọ, bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Pin Uno R3 kan, 20 milliamp ló yẹ kó máa gbé, 40 tó wà nínú ìwé ATmega328P, chip tó jẹ́ ọpọlọ bọ́ọ̀dù náà, ibi téèyàn ò gbọdọ̀ kọjá ni wọ́n kọ ọ́ sí, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ máa fojú sùn. LED pupa pẹ̀lú resistor 220 ohm tó ń dín kọ́rẹ́ntì kù ò ju bíi 14 lọ, ìdí nìyẹn tó fi tàn. Motor tó bá fẹ́ gbéra, tàbí tí nǹkan dí i tí kò lè yí, lè fa 200, 300, kó tún jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí, ọrùn ṣẹ́, ẹ wá ń bi wá.

500 milliamp tẹ́ ẹ sì ń tẹnu mọ́ yẹn, ti fíúsì USB ni, kọ̀ǹpútà yín ló ń dáàbò bò, kò kan pin rárá.

Síbẹ̀ a ò fẹ́ ariwo. A máa fi chip tuntun ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bootloader, ètò kékeré tó ń jẹ́ kó lè gba kóòdù láti orí kọ̀ǹpútà, ti wà lórí rẹ̀. Kò nílò kẹ́ ẹ fi iná àti òjé lẹ̀ ẹ́ (solder), inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà, ẹ rọra gbé ti tẹ́lẹ̀ sókè lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí wọ́n gé díẹ̀ lórí rẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa fi tuntun sí i sódì. A máa fi transistor 2N2222, diode 1N4007 àti resistor 330 ohm kún un, kí pin 9 kàn máa ṣí transistor, kí motor máa gba iná tiẹ̀ lára bátìrì ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ ṣáà so GND méjèèjì pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan la máa ṣe é o.

Tí eléyìí náà bá tún kú, ẹ kọ ọ́ pé àwa la pa á, ẹ ṣáà má gbàgbé láti fi àwòrán sí i.