Ẹ bọ́ súwẹ́tà lára ọmọbìnrin yẹn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi gan-an ni mo jẹ̀bi.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nínú oṣù kẹta, ní Kàbà níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oṣù kẹta lọ́dọ̀ wa á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọyẹ́ ti lọ tipẹ́, òjò àkọ́rọ̀ ò tíì dé, páànù orí ilé ń ta kọ́-kọ́-kọ́ lọ́sàn-án. Ọmọ mi àgbà, ọmọ ọdún 15, jáde láti yàrá nínú gáùn tuntun kan. Gáùn náà kọjá orúnkún, kò fún mọ́ ọn lára, ó sì yẹ ẹ́. Apá nìkan ni kò ní. Mo ní, "Lọ wọ súwẹ́tà lé e." Kò jiyàn. Ó lọ mú súwẹ́tà ilé ìwé rẹ̀, èyí tí a rà nítorí ọyẹ́, ó kó o wọ̀, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọn ò tíì ka ẹ̀kọ́ Bíbélì kejì tán tí mo fi ṣíjú wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ọmọ yìí ń fi ìwé orin fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ iná igi tútù. Òógùn ń ṣàn lójú ẹ̀ lọ sí ọrùn. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn wa fọwọ́ tọ́ mi léjìká. Mo rò pé ó fẹ́ kí mi kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ yìí á dákú o. Ẹ bọ́ súwẹ́tà yẹn lára ẹ̀."

Àtọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ò ti kúrò lọ́kàn mi. Tá a bá máa sọ òótọ́, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń wọ aṣọ fún àwọn ọmọbìnrin wa nìyí. A ra gáùn tí kò lápá, a fi súwẹ́tà bo apá. A ra síkẹ́ẹ̀tì tó kúrú, a ní kó wọ lẹ́gínsì sábẹ́ ẹ̀. Ọrùn bùláòsì ṣí jù, a wá síńgílẹ́ẹ̀tì tì í nínú. Ọmọ á wá máa ru aṣọ mẹ́ta lábẹ́ oòrùn, torí pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tá a fara balẹ̀ rà. Tó bá fajú ro, a ó ní àwọn ọmọ ìwòyí ò fẹ́ bo ara. Ta ló fẹ́ bo ara báyẹn ní Kàbà lóṣù kẹta? Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ ká dé Lọ́kọ́ja, níbi tí odò méjì ti pàdé, tí ooru náà sì wá bá wọn ṣe ìpàdé.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti rí aṣọ rà fún ọmọ ọdún 13 sí 17. Mo ti rin ọjà Kàbà títí, mo ti lọ sí Lọ́kọ́ja, mo ti rán ẹni tó ń lọ Ìlọrin. Òkìtì aṣọ méjì ni mo ń rí níbi gbogbo. Ti ọmọdé: labalábá níwájú, ríbọ́ọ̀nù lẹ́yìn, ọmọ ọdún 14 ò ní fojú kejì wò ó. Ti àgbà obìnrin tó ń lọ òde àríyá: ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ là dé itan. Láàárín méjèèjì, òfìfo. Àfi bí ẹni pé àwọn tó ń kó ọjà wọlé rò pé ọmọbìnrin máa ń sùn lọ́mọ ọdún 11, kó sì jí lọ́mọ ọdún 25.

Àwọn tó ń tajà lórí WhatsApp tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú tiwọn. Tó bá ti di oṣù keje, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé "summer collection" jáde. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Lóṣù keje, òjò ń pa wá níbí, ẹrẹ̀ ń gbé sálúbàtà mì, iṣu tuntun ti ń yọjú. Ìgbà ooru òyìnbó, ìgbà òjò tiwa ni. Ooru tiwa, oṣù kejì sí oṣù kẹrin ni. Ẹni tí òtútù ti há mọ́lé fún oṣù mélòó kan, tó wá ń wá oòrùn tó máa kàn án lára, ni wọ́n rán aṣọ yẹn fún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ okùn tín-ín-rín méjì ló gbé e dúró léjìká. Àwa ń sá fún oòrùn ni. Ẹ wo àwọn Fúlàní tó ń da màlúù kọjá lọ́sàn-án gangan, ẹ wo àwọn Haúsá tó ń ta àlùbọ́sà lọ́jà: aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, apá gígùn, nǹkan lórí. Ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀ kékeré. Aṣọ tó fẹ̀, tó bo ara, á gba oòrùn dúró, atẹ́gùn á sì ríbi gbà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ ò wá rí i pé ká máa sọ fún ọmọ pé kó fara da ooru nítorí ìwà ọmọlúàbí, a ń purọ́ mọ́ ìwà ọmọlúàbí ni. Irú aṣọ tá a rà ló ń mú ooru.

Mo ti jìn sínú kòtò yẹn náà rí. Mo ra gáùn kan lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń tajà lórí fóònù, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Nínú fọ́tò, ó bo ọrùn, ó bo apá, ó dé kókósẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ dà bí ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Mo ní àdúrà mi ti gbà. Nígbà tó dé, bí ẹni fi ọ̀rá omi tútù rán an ni. Ọmọ mi wọ̀ ọ́ fún bí ìdajì wákàtí, ó jáde wá bá mi ní kíṣìnì, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ fi mí se ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni?"

Télọ̀ mi ló wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dán aṣọ wò. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ, ẹ ṣáná sí i. Tó bá jẹ́ òwú, á jó bíi bébà, á rùn bíi bébà, eérú ẹ̀ á sì fọ́n lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ pọliẹ́sítà, á ká jọ, á yọ́, á dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré, òórùn ike ló sì máa mú jáde. Láyé ọjọ́un, èèyàn ò ní torí áńkárá ṣáná, torí òwú ni áńkárá. Ní báyìí tí ayédèrú ti kún ọjà, ẹ ṣá a. Òwú máa ń fa òógùn mu, atẹ́gùn á sì gbẹ ẹ́. Pọliẹ́sítà kì í fà á, ara ọmọ ló máa wà síbẹ̀. Kàm̀pálà tí wọ́n fi òwú fẹ́lẹ́ ṣe dáa púpọ̀ lásìkò yìí, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn ẹ̀ torí pé méjì kì í jọra. Aṣọ tí àwọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáa ju dúdú lọ lábẹ́ oòrùn, àmọ́ ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó síbi ìmọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè ka ìka yín, ẹ ní kí télọ̀ tẹ́ nǹkan sí i nínú láti ìbàdí dé orúnkún. Kò pọn dandan kó tẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá ìyá mi, Ìyé ni gbogbo wa ń pè é, ọmọ Bùnú, lágbègbè Kàbà níbí, ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Bùnú á mọ̀ pé iṣẹ́ aṣọ híhun kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré níbẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ló máa ń ran òwú, àwọn náà ló máa ń hun ún lórí òfì ìdúró nínú ilé. Aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n máa ń fi ṣe ìsìnkú àwọn èèyàn ńlá nígbà náà, Bùnú ló ti ń jáde. Ẹ sì mọ ibi tí wọ́n ti ń rí òwú pupa ẹ̀? Ara aṣọ òyìnbó ni. Wọ́n á ra aṣọ tó wá láti òkè òkun, wọ́n á tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n á sì fi hun tiwọn. Ohun tó ń wù mí nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé wọn ò sá fún aṣọ àjèjì, wọn ò sì wọ̀ ọ́ bó ṣe wá.

Ìyé yìí kan náà ló sọ fún mi pé nígbà tóun wà lọ́mọge, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ kékeré ní ìbàdí làwọn máa ń fi lọ odò, kò sì sẹ́ni tó wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ìyé! Láì bo àyà?" Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀ tí ẹ ò ní?" Díẹ̀díẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ń wọlé tọ̀ wá nígbà náà. Ní 1908 ni míṣọ́nnárì Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìyàgbà. Ilé ẹ̀kọ́ dé, ilé ìwòsàn dé, gáùn náà dé. Mi ò ní ká padà síbi ìlẹ̀kẹ̀, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ mi lọ síbi tí mi ò gbé e sí. Ohun tí mò ń sọ ni pé òṣùwọ̀n aṣọ tó bójú mu ti yí padà lójú àwọn ìyá wa, á sì tún yí padà. Ẹni tó bá mọ èyí ò ní máa bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èjìká ẹ̀ ló ba ayé jẹ́. Èmi máa ń sọ fún tèmi pé ibi báyìí là ń lọ, báyìí làwọn èèyàn ibẹ̀ ń wọṣọ, ìwọ náà wá bó o ṣe máa wọ tìẹ kó dùn ún wò. Ìyẹn máa ń wọ̀ wọ́n létí. "Ṣé bí aṣẹ́wó lo fẹ́ rí" kì í wọ ẹnikẹ́ni létí, ọgbẹ́ ló ń dá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọ̀kadà, torí mo rí i pé àwọn tó ń ya àwòrán aṣọ ò gun ọ̀kadà rí láyé wọn. Ọ̀kadà lọmọ wa ń gùn lọ lẹ́sìnnì, òun náà ló ń gùn lọ fún ìdánrawò kọ́áyà. Gáùn tó fún, ó dé orúnkún tó bá wà lórí ìdúró, kó gun ọ̀kadà, ó ti di nǹkan míì. Bùbù tó fẹ̀ tó sì gùn dé ilẹ̀, òun la rò pé ó bójú mu jù, àmọ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má lọ wọnú ṣéènì tàbí táyà. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ tí mo rí tọmọ àdúgbò wa tó lọ́ mọ́ ọn. Aṣọ nìkan ló ya, a dúpẹ́. Láti ìgbà náà, mo ní òfin kan nílé: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra aṣọ tàbí rán aṣọ, ẹ gun apá àga bí ẹni gun ọ̀kadà, ẹ tẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, ẹ na ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ ká máńgòrò. Aṣọ tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wọ̀ ọ́, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó wá ya èmi gan-an lẹ́nu pé aṣọ tó kọ́kọ́ yege ni ṣòkòtò. Ṣòkòtò òwú tó fẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ̀wù tó gùn dé àárín itan. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ka Diutarónómì 22:5 fún mi, ẹ má ṣèyọnu, mo mọ̀ ọ́n sórí. Ṣòkòtò tí wọ́n gé fún obìnrin, tí ọkùnrin kankan nílùú yìí ò jẹ́ wọ̀ láéláé, báwo ló ṣe di aṣọ ọkùnrin? Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fa ìjà ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ṣòkòtò. A ń wọ̀ ọ́ lọ lẹ́sìnnì àti ọjà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tó kọjá orúnkún, tí kò dé ilẹ̀.

Ti òkìrìkà, àwọn ọmọ ló kọ́ mi. Kí kọ́sítọ́ọ̀mù má gbọ́ o, ẹ̀ṣẹ̀ ni kíkó wọn wọlé, àmọ́ ọjà wo ni wọn ò ti tà á? Èyí àbúrò, ọmọ ọdún 13, ló kọjú síbi ẹ̀wù àwọn géńdé ọkùnrin, tí ẹnikẹ́ni ò rìn sí. Ẹ̀wù òwú funfun tó ní ìlà búlúù, ó tóbi bí àgọ́. Ó gbé e wálé, ó tú kọ́là ẹ̀, ó gé apá ẹ̀ kúrú dé ìgbúnwọ́, ó fi èyí tó gé ṣe bẹ́líìtì. Gáùn ni! Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń bèèrè ibi tó ti rà á. Mo wo fọ́nrán òwú tó tú dà sílẹ̀ ní pálọ̀, mo rántí Ìyé.

Bàbá wọn ò ràn mí lọ́wọ́ nínú gbogbo eléyìí. Tí wọ́n bá bi í pé, "Dádì, ẹ wo aṣọ mi," láì gbé ojú kúrò lórí fóònù ló máa ń ní, "Ó dáa."

Àti Àjíǹde tó kọjá, télọ̀ là ń lò jù. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ nípa télọ̀. Bó bá ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ ọn. Kí ẹ tètè gbé aṣọ lọ, kó tó di pé àwọn oníyàwó àti aláṣọ ẹbí gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ̀pá mẹ́fà áńkárá, àwọn méjèèjì ló ń rán an, ó sì máa ń ṣẹ́kù. Mo ń sọ fún télọ̀ kó fi aṣọ sílẹ̀ nínú ní ìhà méjèèjì, kó sì ká ìṣẹ́tí ẹ̀ nípọn, torí ọmọ ọdún yìí, ẹ bá a lówùúrọ̀ ó kúrú, kó tó dìrọ̀lẹ́ ó ti ga. Èmi ló ń mú aṣọ lọ, àwọn ló ń yan sítáìlì. Ọ̀rọ̀ mi ò kọjá mẹ́ta tá a dán wò lórí àga yẹn.

Èyí àgbà lọ gba tuntun lọ́sẹ̀ tó kọjá: kàm̀pálà, apá ẹ̀ dé ìgbúnwọ́, ó fẹ̀ láti àyà lọ sísàlẹ̀, àpò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àpò yẹn ló ń mú inú ẹ̀ dùn jù, ó ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ kiri ilé. Mo dán an wò lára èmi náà nígbà tí kò sí nílé, ó kàn fún mi díẹ̀ ní èjìká. Mo ti gbé ọ̀pá mẹ́ta lọ fún télọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ká fi àpò sí tiyín náà?" Mo ní kó fi méjì.