Ẹ má sọ fún mi mọ́ pé "ó máa wọlé"

Ó tó gẹ́ẹ́! Ìgbà kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí mo wọkọ̀ láti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin nítorí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Lákọ̀ọ́kọ́, Alhaji tó ń tà á ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́ẹ̀kejì, "ó ṣì wà ní stọ́ọ̀." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ jẹun, ẹ mọ ohun tójú ń rí.

Ẹ̀rọ tí mo fi ń fín orúkọ sára àwo ẹ̀yẹ, kádì ISA àtijọ́ ló ń darí ẹ̀, èyí gígùn tó ń wọ slot dúdú, ìyẹn ihò tí wọ́n ń ki kádì bọ̀ lára bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù kú lọ́jọ́ tí iná ṣàdédé dé pẹ̀lú agbára (àwọn oníná náà ṣì máa gbọ́ tẹnu mi). Mo ya fọ́tò kádì yẹn níwájú lẹ́yìn, mo fi ránṣẹ́ sí Alhaji. Mo tún pè: "Alhaji, ṣé slot ISA wà lára ẹ̀?" Wọ́n ní, "Àbúrò, kádì ni kádì ń jẹ́. Fowó ránṣẹ́, máa bọ̀, ó máa wọlé." Mo sanwó.

Kí ni mo bá? Slot PCI funfun mẹ́ta, slot AGP (ti kádì àwòrán) aláwọ̀ kòkó kan. ISA ò sí ńbẹ̀ rárá! Ọmọ iṣẹ́ wọn já kádì gbà lọ́wọ́ mi, ó ń tì í bọ PCI tipátipá. Kádì tí mi ò mọ ibi tí mo ti máa rí òmíràn! Mo figbe ta. Ohun tí IBM gbé jáde ní 1981, tí wọ́n fi kún gígùn ẹ̀ ní 1984, báwo ló ṣe máa wọ ihò tí Intel ṣe ní 1992? Eyín wọn ò bára mu, iṣẹ́ tí eyín kọ̀ọ̀kan ń ṣe ò bára mu!

Lésìí, ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà ló fi ayùn gé eyín kádì AGP mi kó lè wọlé. Kádì tó ń jẹ 1.5 volt, bọ́ọ̀dù tó ń pèsè 3.3. Èéfín ló sọ. Àlàfo tó wà lára kádì yẹn, wọn ò déédéé gbẹ́ ẹ síbẹ̀, kí kádì má bàa wọ bọ́ọ̀dù tí iná ẹ̀ ò bá a mu ni!

Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, wọ́n nawọ́ sí ìwé ara ògiri: ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà. Bí mo tún ṣe ń bọ̀ nílé, awakọ̀ dúró sí Àjàṣẹ́, ó ń wá èrò kún. Ogójì àwo ẹ̀yẹ ilé ìwé ló wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fín.

Ẹ tú bọ́ọ̀dù kúrò nínú ọ̀rá, ẹ ya fọ́tò slot ẹ̀ ránṣẹ́ kí èèyàn tó sanwó! Àti owó mi. Mo fẹ́ owó mi, pẹ̀lú owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta, lónìí.