Màmá ń lọ wẹ ọmọ ní Houston, bàálù wo ni kí wọ́n wọ̀?

Àdùkẹ́_Adó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìyàwó àbúrò mi bímọ ní Houston, ìyá mi sì fẹ́ lọ bá wọn wẹ ọmọ lóṣù tó ń bọ̀. Físà ti jáde. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, òyìnbó tí wọ́n gbọ́ ò ju "good morning" lọ. Economy lagbára wa ká. Bàálù wo ló máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù láti Èkó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti lọ rí ni kó dá mi lóhùn.

Bọ̀bọ́_Ìjerò: Ẹ kú oríire o. Ọkùnrin àbí obìnrin?

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́: United. Láti Èkó, Houston gbàràgàdà. Ó parí.

Tíṣà_Ọ̀yẹ́: Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, 2016 ni wọ́n ti dá ìyẹn dúró. Washington ni United ń lọ láti Èkó láti ìparí 2021. Delta ní tiwọn ń lọ Atlanta.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́: Ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ ọ́.

Tíṣà_Ọ̀yẹ́: Lọ́dún wo?

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́: 2014. Ẹ̀ẹ́ ti rí?

Alájàpá: Ethiopian. Báàgì méjì, owó ò pọ̀. Ethiopian.

Ẹlẹ́mu_Ìkọ̀lé: Ẹ wọ Air Peace, ẹ jẹ́ ká ti ara wa lẹ́yìn.

Tíṣà_Ọ̀yẹ́: London ni Air Peace bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Houston ni wọ́n bi wá.

Ẹlẹ́mu_Ìkọ̀lé: Tíṣà, aago ti lù, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ máa lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó: Àǹtí mi, Houston yìí náà ni mò ń gbé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "tààrà" tàn yín. Tí Màmá bá gba Atlanta tàbí Washington, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí àwọn imigíréṣọ̀n. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa fọwọ́ ara wọn gbé báàgì méjèèjì, wọ́n á kó o kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n á tún fà á lé ilé iṣẹ́ bàálù lọ́wọ́, kí wọ́n tó máa wá ibi tí bàálù kejì wà. Kílò 23 lọ́nà méjì, pẹ̀lú orúnkún yẹn! Ṣùgbọ́n Qatar, Turkish àti British Airways, Houston gan-an ni wọ́n ń balẹ̀ sí láti ìlú tiwọn. Tẹ́ ẹ bá ti fi ẹrù sílẹ̀ l'Ékòó, ó di Houston. Ọ̀dọ̀ àbúrò yín ni wọ́n á já sí.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ rà o. Ẹ má ra méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ torí pé ó dínwó. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ dé, ekejì ò mọ̀ yín rí. Kẹ́ ẹ sì béèrè wheelchair lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń tì wọ́n ló máa mú wọn dé ẹnu bàálù kejì, wọn ò ní sọnù.

Ìyá_Ẹ̀fọ̀n: Doha, ìlú tí bàálù Qatar ti ń gbéra, sí Houston nìkan lé ní wákàtí 15. Ẹsẹ̀ Màmá á wú bí iṣu Ọ̀mùò.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó: Òótọ́ ni, mà. Ti London kúrú jù ú: bíi mẹ́fà ààbọ̀ dé ibẹ̀, bíi mẹ́wàá sí Houston. Kí wọ́n gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí wọ́n máa dìde rìn.

Bọ̀bọ́_Ìjerò: Báàgì méjì péré? Ìyẹ̀fun iyán nìkan á gba ọ̀kan.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́: Ìyẹ̀fun KÍ NI? Ọmọ Èkìtì lo pe ara ẹ?

Bọ̀bọ́_Ìjerò: Ṣé odó ni kí wọ́n rù lọ?

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́: Kí ló dé tí wọn ò ní rù ú? Èyí tí wọ́n fi omi gbígbóná rò yẹn, ẹ̀kọ ni. Uyán là ń gún, a kì í rò ó.

Bọ̀bọ́_Ìjerò: Ilé pákó ni wọ́n ń gbé níbẹ̀. Tí Màmá bá sọ ọmọ odó kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lókè, ará ìsàlẹ̀ á pe ọlọ́pàá.

Tíṣà_Ọ̀yẹ́: Ọmọ odó ò ṣe é mú lọ́wọ́ wọ bàálù o, ohun ìjà ni wọ́n máa kà á sí. Inú báàgì tó ń lọ sábẹ́ bàálù ni kó wà.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́: Tíṣà, ta ló bi yín? Bọ̀bọ́ ni mò ń bá wí.

Alájàpá: MO NÍ ETHIOPIAN.

Ìyá_Ẹ̀fọ̀n: Bàálù kan tí mi ò ní dárúkọ, ọjọ́ mẹ́rin ni ẹrù mi fi sùn nílùú wọn. Ìgbà tó dé, kẹ́ẹ̀gì epo ti ya. Léèsì funfun tí mo fẹ́ fi sọmọ lórúkọ ti di pupa rokoṣo, ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́ gèlè. Ìró ìyàwó ọmọ mi ni mo yá ró.

Bọ̀bọ́_Ìjerò: Pẹ̀lẹ́ o, mà. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, mo rí fọ́tò tó o gbé síta lọ́jọ́ Àjíǹde. Iyán yẹn ń dán bí ike. Odó ló ti wá àbí blender?

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́: Má fi ìyàwó mi ṣẹ̀fẹ̀. Mo ti kìlọ̀.

Bọ̀bọ́_Ìjerò: Blender ni mo dárúkọ, mi ò dárúkọ ìyàwó.

Ẹlẹ́mu_Ìkọ̀lé: Háà. Ó ti dé'bi blender!

Àdùkẹ́_Adó: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, bàálù là ń sọ. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Màmá ní ká bá àwọn béèrè bóyá òkété gbígbẹ ṣe é gbé.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó: Áà, rárá o! Ẹran ìgbẹ́ ò gbọdọ̀ wọlé. Ajá kékeré kan wà níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, á máa fi imú wá báàgì kiri. Kì í gbó o. Ẹ̀gbẹ́ báàgì yín ló kàn máa jókòó sí, á máa wo ẹni tó mú un wá.

Ẹlẹ́mu_Ìkọ̀lé: Kí ajá yẹn dúpẹ́ pé Oǹdó kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ_Oǹdó_Gidi: Kí ló mú Oǹdó wọ ọ̀rọ̀ bàálù yín? Mo kàn ń kọjá lọ ni o.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́: Bọ̀bọ́, ìyá tó bí mi, odó mẹ́ta ló wà nílé wọn. Mẹ́ta!

Bọ̀bọ́_Ìjerò: Tìyá ẹ nìyẹn. Tìẹ la ń bi. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ò tíì dá mi lóhùn, ọkùnrin àbí obìnrin?

Àdùkẹ́_Adó: Ọkùnrin ni, Bọ̀bọ́. Ṣé ẹnikẹ́ni ti gba ọ̀nà London yẹn lẹ́nu àìpẹ́?

Alájàpá: ETHIOPIAN!!!

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́: Mo ń bọ̀ n'Íjerò lọ́jọ́ Sátidé. Gbé odó síta.