Kì í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ Ló Ń Sọ Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Di Aláìní

Èrò kan ti jinlẹ̀ lọ́kàn wa débi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, òun náà ni pé ẹni tó bá tòṣì tàbí tí kò ríṣẹ́ ṣe, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. À ń gbọ́ ọ lórí pẹpẹ ìwàásù, a ń gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí tó ń bá ọmọ wọn tó ti jáde yunifásítì wí pé iṣẹ́ kún ìgboro, àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ni kò fẹ́ ṣe é. Òwe tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ni pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. N kò bá òwe náà jà, nítorí pé lóòótọ́ ni pé ẹni tó bá káwọ́ gbera kò lè retí àtijẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé òwe tí àwọn àgbà fi ń gba ọmọ kan níyànjú kò lè ṣàlàyé ìdí tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn fi wà nínú àìní lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé ìmọ̀ àwùjọ ti fún wa ní ọ̀nà tí a lè gbà rí ibi tí èrò náà ti kùnà.

Ìyàtọ̀ tó ṣe kókó jù ni èyí tí C. Wright Mills, onímọ̀ àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe láàárín ìṣòro ẹnì kan àti ìṣòro àwùjọ lọ́dún 1959. Ó ní bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nínú ìlú tó ní 100,000 ènìyàn, ó tọ́ kí á wo ìwà ẹni náà, ìmọ̀ iṣẹ́ tó ní, àti àǹfààní tó wà nítòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mílíọ̀nù 15 bá wà láìníṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 50, kò sí bí a ṣe fẹ́ yẹ ìwà wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan tí a ó fi rí ojútùú, nítorí pé ètò tó yẹ kó pèsè iṣẹ́ gan-an ló ti wó. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ ni ìdí tí Lágbájá kò fi ríṣẹ́ nígbà tí Tàmẹ̀dù rí. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ sì ni ìdí tí iṣẹ́ kò fi kárí. Àṣìṣe tí a ń ṣe lójoojúmọ́ ni pé a ń fi ìdáhùn ìbéèrè kìíní dáhùn ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká wo danfo tó ń gba èrò 14, tí ènìyàn 50 sì ń dúró dè ní ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni tó lágbára, tó yára, tó sì mọ ibi tí ọkọ̀ máa ń dúró sí ni yóò kọ́kọ́ wọlé, a sì lè yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n bí gbogbo àwọn 50 náà bá tilẹ̀ yára bákan náà, ènìyàn 36 ni yóò kù nílẹ̀ síbẹ̀. Iye àyè tó wà, ẹni tó ń pín in, àti ìlànà tí wọ́n fi ń pín in, tó ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ètò àwùjọ. Akitiyan ẹnì kan lè yí ipò tirẹ̀ padà láàárín àwọn tó ń dúró, ṣùgbọ́n kò lè fi àyè kan ṣoṣo kún ọkọ̀ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014 kò yẹ kó kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìwọlé-wọ̀de pe àwọn tó ń wá iṣẹ́ sí ìdánwò ní àwọn pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè. Àyè iṣẹ́ tó wà kò tó 5,000, àwọn tó jáde wá sì lé ní ìdajì mílíọ̀nù, lẹ́yìn tí olúkúlùkù wọn ti san 1,000 náírà kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé. Ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní ìlú Benin, èrò rọ́ lu ẹnu ọ̀nà tóóró, wọ́n sì tẹ àwọn ènìyàn pa. Ó kéré tán, ẹ̀mí 15 ló lọ, aboyún sì wà lára wọn. Ẹni tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà sọ fún àwọn oníròyìn pé àìnísùúrù àwọn tó wá ìdánwò ló fa ikú wọn. Ó dùn mí títí di òní pé ẹni tó wà nípò àṣẹ lè wo ènìyàn tó lé ní 100 tó ń du àyè kan ṣoṣo, kó sì rí àbùkù ìwà nínú àwọn tó kú. Bí ọ̀lẹ bá wà níbẹ̀, kò ní jí láàárọ̀ kùtùkùtù lọ san owó láti lọ dúró nínú oòrùn.

Ìtàn Amẹ́ríkà fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ sí i. Ní ọdún 1929, nǹkan bí ènìyàn 3 nínú 100 òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni kò níṣẹ́. Nígbà tó fi máa di 1933, lẹ́yìn tí ọjà ìpín ìdókòwò ti fọ́, tí ọ̀pọ̀ báńkì sì ti wó, iye náà ti tó 25 nínú 100. Ní 1944, nígbà tí ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, tí ìjọba ń ra ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ojú omi àti ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́, kò tó 2 nínú 100 mọ́. Ẹni tó bá sọ pé ìwà ọ̀lẹ ló ń fa àìríṣẹ́ṣe ní láti ṣàlàyé fún wa bí mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ènìyàn ṣe di ọ̀lẹ láàárín ọdún mẹ́rin, tí àwọn kan náà sì tún padà di akíkanjú kó tó pé ọdún méjìlá. Ìwà wọn kò yí padà. Iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló yí padà.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn rí aláìníṣẹ́ tó kàn jókòó sójú kan láti àárọ̀ di alẹ́, tí kì í sapá. Èmi náà ń rí wọn, kò sì yẹ ká sẹ́ ohun tí ojú rí. Ṣùgbọ́n èwo ló ṣáájú, ìjókòó ni tàbí àìríṣẹ́? Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Marie Jahoda, Paul Lazarsfeld àti Hans Zeisel, lọ wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí ní Marienthal, abúlé kan tí kò jìnnà sí Vienna ní ilẹ̀ Ọ́stríà, níbi tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ aṣọ híhun kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo ìlú kí ó tó kógbá sílé láàárín ọdún 1929 sí 1930. Wọ́n dé ibẹ̀ ní 1931, wọ́n bá ìdílé 478, wọ́n sì tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde ní 1933. Kí iléeṣẹ́ náà tó ti ìlẹ̀kùn, àwọn ará Marienthal kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ: wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé, ilé ìkàwé, àti ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa.

Bí a bá rò ó lásán, ẹni tí kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́ ti ní àkókò tó pọ̀ láti kàwé. Ohun tí àwọn olùwádìí náà rí yàtọ̀ sí èyí. Iye ìwé tí wọ́n ń yá ní ilé ìkàwé fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì láàárín 1929 sí 1931, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fagi lé owó tí wọ́n ń gbà fún ìwé yíyá. Koríko bo ọgbà ìgbafẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń yára tẹ́lẹ̀ wá ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ lójú pópó, wọ́n á dúró, wọ́n á wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n á tún rìn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe lóòjọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí nǹkan kọ. Àwọn obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀ àti ìtọ́jú ọmọ kò dáwọ́ dúró nínú ilé. Àwọn ń yára rìn ní tiwọn. Ìlú kan náà ni, ebi kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣì ní ohun tí ọjọ́ wọn so mọ́ kò rọ bí àwọn tí kò ní. Ìjókòó gbẹ̀rẹ̀ tí a ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ohun tó fa àìríṣẹ́ jẹ́ ohun tí àìríṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nípa ìmọ̀ àwùjọ, èyí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn jù nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀lẹ.

Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà tún ní apá kan tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kéde pé 33.3 nínú 100 òṣìṣẹ́ ni kò níṣẹ́ ní ìparí ọdún 2020. Fún ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àjọ yìí kan náà kéde 4.1 nínú 100. Ìlànà kíkà ni wọ́n yí padà: tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ wà lára aláìníṣẹ́, nínú ìlànà tuntun tí wọ́n mú bá ti àgbáyé mu, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ti di oníṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí ìṣirò tuntun náà, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi bínú, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan hàn tó yẹ kó pa ẹnu àwọn tó ń pariwo ọ̀lẹ mọ́. Ó fi hàn pé àwọn ènìyàn wa kò jókòó. Nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló dá iṣẹ́ ara wọn sílẹ̀, àwọn tó lé ní 90 nínú 100 sì wà nínú iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé ìjọba, tí kò ní owó oṣù tó dúró tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Ní ọdún 2022, àjọ náà ti kéde pé mílíọ̀nù 133 ọmọ Nàìjíríà, ìyẹn 63 nínú 100, wà nínú ìṣẹ́ nígbà tí a bá wo ìlera, ẹ̀kọ́, ilé gbígbé àti iṣẹ́ wọn pa pọ̀. Lóòótọ́, àwọn ọmọdé wà nínú iye yẹn, ṣùgbọ́n nínú ilé àgbà ni ọmọdé ń gbé. Ẹ gbé ìṣirò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: iye aláìní ju iye aláìníṣẹ́ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó wà nínú ìṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Obìnrin tó ń ta àgbàdo sísun létí títì láti ọ̀sán di alẹ́ kò sinmi. Ẹni tó ń ru ẹrù ní ọjà Bódìjà kò sinmi.

Àwọn àgbà wa tó sọ pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, àwọn náà ló sọ pé òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòji. Ó yà mí lẹ́nu pé òwe àkọ́kọ́ nìkan la mú wọ ilé ẹ̀kọ́, tí a fi ń kọ́ ọmọ.

Iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Iléeṣẹ́ táyà Michelin ní Port Harcourt ti ìlẹ̀kùn ní 2007. Dunlop ní Ìkẹjà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Iná mànàmáná tí kò dúró, ọ̀wọ́n epo tí wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, àti táyà òkèèrè tó ń wọlé ní owó pọ́ọ́kú ló kó wọn láyà jẹ. Kò sí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí aápọn rẹ̀ lè dí ihò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì, àwọn awakọ̀ tó ń gbé òṣìṣẹ́, àti àgbẹ̀ tó ní oko rọ́bà náà jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Wọ́n á ní, àwọn mọ ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo tó sì dolówó. Inú wa dùn fún onítọ̀hún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ àṣekára lè ṣe ní láti ka àwọn tó ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀ tí kò sì bọ́ sí i, àwọn tí a kì í pè wá sọ ìtàn wọn. Ìwádìí tí Mark Granovetter, onímọ̀ àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1973 fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ nípa iṣẹ́ lẹ́nu ènìyàn ní Amẹ́ríkà kò gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, bí kò ṣe lẹ́nu ojúlùmọ̀ tí wọn kì í rí lóòrèkóòrè, nítorí pé ohun tí ọ̀rẹ́ ẹni mọ̀, ẹni fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ojúlùmọ̀ bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá báńkì àti ọmọ tí ojúlùmọ̀ bàbá rẹ̀ jẹ́ aláàárù lè ní ìwé ẹ̀rí kan náà àti aápọn kan náà, síbẹ̀ ìròyìn tó ń dé etí wọn kò ní dọ́gba.

Èrò ọ̀lẹ yìí tún máa ń sọ ara rẹ̀ di òótọ́. Robert Merton, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1948 bí ìgbàgbọ́ tí kò tọ̀nà ṣe lè mú kí àwọn ènìyàn hùwà lọ́nà tí yóò mú un ṣẹ. Agbanisíṣẹ́ tó bá rí i pé ẹnì kan ti wà nílé fún ọdún mẹ́ta á rò pé àbùkù kan wà lára rẹ̀, kò ní gbà á, ọdún mẹ́ta á di mẹ́rin, ẹni tó tún bá wo ìwé rẹ̀ á rí ìdí tó lágbára sí i láti kọ̀ ọ́. Ìtìjú á mú kí ó yẹra fún àpèjẹ àti ìpàdé ẹbí tí wọn yóò ti bi í pé kí ló ń ṣe báyìí, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni ì bá ti pàdé ojúlùmọ̀ tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti ìnáwó ìjọba. Nígbà tí a bá gbà pé ìwà àti àìmọ̀ṣẹ́ ni ìṣòro, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwàásù nìkan ni a ó máa pèsè. Àwọn olóṣèlú á kó ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìgerun wá sí gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á pín in fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n á ya fọ́tò. Ẹ̀rọ ìránṣọ dára, ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ sì dára fún ẹni tó bá gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò fi kún owó tó wà lápò àwọn ará ìlú tó yẹ kó rán aṣọ, kò sì mú iná wá. Bí télọ̀ 20 bá ti wà ní àdúgbò tí wọn kò rí aṣọ tó láti rán, tí wọ́n wá fi 40 kún wọn, oníbàárà tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni àwọn 60 yóò jọ máa dù, owó iṣẹ́ á sì já wálẹ̀ fún gbogbo wọn. Kí wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn náà, ó yẹ kí ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni yóò ra ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yìí bá ṣe, owó wo ni yóò fi rà á, àti pé kí ló dé tí iléeṣẹ́ tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ nítòsí ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi kógbá sílé.