Èsì sí ìràwọ̀ kan tí ẹ fún wa: ìdí tí a kò fi gba ìwé ìrìnnà yín ní ìdógò

Ẹ kú ìrìn o, mà, ẹ sì kú ewu ọ̀nà. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti yá alùpùpù fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa wa láàárọ̀ àná, mo tún kà á lálẹ́ lẹ́yìn tí mo ti bi ọmọ tó jókòó sí tábìlì lọ́jọ́ yẹn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kí ẹlòmíì tó bá ka èsì yìí lè mọ ohun tí à ń sọ: ìràwọ̀ kan ni ẹ fún wa. Ẹ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù ń gba ìwé ìrìnnà ní ìdógò láìsí àríyànjiyàn, pé àwa nìkan la kọ tiyín, tí a ní àfi káàdì báǹkì tàbí owó lọ́wọ́. Ẹ ní owó yín há fún ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ẹ ti dá alùpùpù padà. Ẹ ní òṣìṣẹ́ wa sọ̀rọ̀ sí yín bí ẹni pé ẹ fẹ́ jí nǹkan gbé. Ẹ sì fi kún un pé àbúrò yín fi ìwé ìrìnnà tirẹ̀ sílẹ̀ níbòmíì, ó ṣì ń gun alùpùpù rẹ̀ kiri títí di ìsinsìnyí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, "kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀".

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wa ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ẹ̀bi wa ni. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi pé òun sọ pé, "Òfin ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ máa lọ." Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tó rin ìrìn àjò débi tó rẹ̀ ẹ́, tó gbé ẹrù dání, tó fi ọkàn kan na ìwé rẹ̀ sí wa, àlàyé ló yẹ ká fún un, kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Mo ti bá ọmọ náà jókòó, a sì ti jọ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ó dà bí ẹni pé òun náà kò mọ ìdí tí òfin yẹn fi wà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Ti owó tó há, àwa àti báǹkì la jọ pín ẹ̀bi rẹ̀. Kì í ṣe pé a gba owó náà sọ́dọ̀. Báǹkì yín ló yà á sọ́tọ̀, tó ní kó má kúrò níbẹ̀ títí a ó fi sọ pé kò sí gbèsè láàárín wa. Bó bá jẹ́ káàdì tó ń fa owó tààrà láti inú àkáǹtì lẹ lò, owó yín gan-an ló ń há. Bó bá jẹ́ káàdì àwìn, iye tí ẹ lè rà láwìn ló ń dín kù. Lẹ́yìn tí a bá ti ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, báǹkì kọ̀ọ̀kan ló mọ iye ọjọ́ tí yóò fi ṣe é, ti káàdì tó ń fa owó tààrà sì sábà máa ń pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n mo lọ yẹ ìwé wa wò: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ dá alùpùpù padà, ọjọ́ Ajé la tó sọ fún báǹkì. Ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án yẹn, ọrùn mi ló wà. Láti àná, ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ tú owó rẹ̀ sílẹ̀ kí oníbàárà tó kúrò níwájú rẹ̀.

Ti ìwé ìrìnnà ńkọ́? Lórí ìyẹn, mi ò lè bẹ̀bẹ̀, mà, mi ò sì ní yí i padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni èmi náà fi gbà á. Mo ní àpótí irin kan lábẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ni mo ń kó wọn sí, nígbà mìíràn wọ́n á tó ogún. Ohun tó mú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ràn rẹ̀ yé mi dáadáa. Bí ẹnì kan bá gbé alùpùpù kan sá lọ, èrè oṣù púpọ̀ ló gbé lọ yẹn. Kò sì sí ìdógò tó ń mú ènìyàn padà wá bí ìwé ìrìnnà. Oníbàárà náà kì í ná kọ́bọ̀, kò sí báǹkì tó máa há owó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń parí, tẹ̀ríntẹ̀yẹ.

Ní ọjọ́ kan, àwọn arìnrìn-àjò méjì dá alùpùpù padà láàárín wákàtí kan síra wọn. Ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n, wọn kò sì mọ ara wọn rí. Àwọ̀ èèpo ìwé wọn dọ́gba, àmì ara rẹ̀ dọ́gba. Mo mú ọ̀kan jáde nínú àpótí, mo nà án sí ẹni àkọ́kọ́, ó tì í sínú àpò, ó dúpẹ́, ó lọ. Ẹnì kejì dé, mo na èyí tó kù sí i. Òun ló ṣí i wò. Ojú ẹlòmíì ló bá níbẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ ti wọ bọ́ọ̀sì alẹ́. Mo pè é títí, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kejì sì ni bàálù ẹnì kejì máa gbéra. Kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Ilẹ̀ mọ́, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣojú ìjọba rẹ̀ lọ, ó ní ìwé òun ti sọnù. Wọ́n pa nọ́ńbà ìwé náà rẹ́, wọ́n fún un ní ìwé pàjáwìrì tó lè gbé e dé ilé nìkan. Bẹ́ẹ̀ ilé kọ́ ló ń lọ. Orílẹ̀-èdè mìíràn ló ti fẹ́ yà, físà ibẹ̀ sì wà nínú ìwé tó wà lápò ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni àkọ́kọ́ pè mí. Ẹnu ibodè ló ti rí i pé ìwé òun kọ́ ló wà lọ́wọ́ òun, ó ń padà bọ̀. Inú mi dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Ìwé ìrìnnà tí a bá ti kéde pé ó sọnù, tí wọ́n sì ti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, kì í jí mọ́, ì báà jẹ́ wákàtí kan lẹ́yìn náà la rí i. Láti ọdún 2002 ni Interpol, àjọ tó so àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀, ti ní àkójọ ìwé ìrìnnà tó sọnù tàbí tí wọ́n jí, tí àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ènìyàn kọjá. Ẹni tó bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé iwájú wọn, wọ́n lè dá a dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo di ìwé ọmọkùnrin yẹn mú lọ́wọ́: ó mọ́, kò ya, físà rẹ̀ wà nínú rẹ̀ gbagidi, kò sì wúlò fún ohunkóhun mọ́. Mo san owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìrìn àjò tó ti ń tọ́jú owó fún, mi ò rí ìyẹn san.

Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ yìí, mà. Kò sí oníjìbìtì. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe ló na ọwọ́ sínú àpótí, tó mú ìwé tí kì í ṣe èyí tó yẹ. Ìdí nìyẹn tí "kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀" tí ẹ kọ kò fi lè fi mí lọ́kàn balẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi náà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ka ohun tó wà nínú àwọn ìwé tí mo ti ń kó sábẹ́ tábìlì. Ti Amẹ́ríkà, ti ìjọba Amẹ́ríkà ni títí láé. Ti ìlú Ọba, ti ìjọba wọn ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kàn ń gbé e kiri ni. Ohun tí kì í ṣe tiwa, ta ló ní ká fi dógò? Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì wà tí wọn kò gbà kí àlejò rìn láìmú un dání rárá. Japan wà lára wọn: bí ọlọ́pàá bá ní kí arìnrìn-àjò mú un wá, àlàyé pé ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó yá òun ní kẹ̀kẹ́ kò ní gbà á sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó gún mi lọ́kàn jù kò sí nínú òfin kankan. Nígbà tí ìwé ìrìnnà ènìyàn bá wà nínú àpótí mi, kò sí ẹni tó ń bá mi jiyàn lórí ibi tó bá họ lára alùpùpù. Mo bá ní "ẹ̀yin lẹ ṣe é", wọ́n á wo àpótí, wọ́n á sanwó. Mo rò pé nítorí pé mo jàre ni. Ìgbà tí mo dẹ́kun gbígbà á ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, nígbà tí a bá sì jọ wo fọ́tò tí a yà kí wọ́n tó gbé e, àwọn ló ń jàre nígbà mìíràn. Mo wá bi ara mi pé àwọn mélòó ni mo ti gba owó tí wọn kò jẹ lọ́wọ́ wọn ní ọdún mẹ́fà yẹn, láìmọ̀. Mi ò ní ìdáhùn, ó sì ń dùn mí. Bí èmi tí mi ò fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ bá ṣe èyí, kí ni ẹni tó dìídì fẹ́ ẹ máa ṣe?

Ní ọdún 2011, àjọ ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé ṣe àdéhùn kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 189, lórí àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀. Abala 9 rẹ̀ ní kí ọmọ-ọ̀dọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ́jú ìwé ìrìnnà àti ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò fi yíyá alùpùpù wé ìyà tí ojú àwọn yẹn ń rí, kó má di pé mo ń bu ìyà wọn kù. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni mo ń wò: ẹni tó bá di ìwé ìrìnnà rẹ mú, ẹsẹ̀ rẹ ló dì mú.

Bí a ti ń ṣe é báyìí nìyí. Ọwọ́ yín ni ìwé yín máa wà. Ẹ ó ṣí i, a ó fi ojú wò ó, a ó fi bírò kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀. A kì í ya fọ́tò rẹ̀. Ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé àwòrán, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì 44, orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tí ìwé yóò kú ló wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ìyẹn máa sùn sínú fóònù òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn náà, a jọ máa yí alùpùpù ká, a ó ya fídíò rẹ̀ sórí fóònù yín àti tiwa, títí kan abẹ́ rẹ̀ àti dígí. Ìdógò owó tàbí ti káàdì, ẹ ó gba rìsíìtì rẹ̀.

Àwọn kan máa ń ní kí a gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ dípò. A kì í gba ìyẹn náà, nítorí òun gan-an lẹ máa nílò lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un nítorí àwọn tó ń bọ̀ wá yá: ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé (èyí tí wọ́n ń pè ní IDP, tí ènìyàn ń gbà nílé kó tó rin ìrìn àjò) gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ níwájú lẹ́tà A kó tó kan alùpùpù. Ti mọ́tò nìkan kò tó, bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀ (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), àwọn adójútòfò lè fi ìyẹn kọ̀ láti sanwó.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní káàdì tí báǹkì á gbà, owó ọwọ́ náà sì lè má tó nígbà tí ènìyàn wà lẹ́yìn odi. Ìbínú yín níbẹ̀ yé mi. A ti dín ìdógò owó kù fún ẹni tó bá ń yá èyí tó ti pẹ́ nínú àwọn alùpùpù wa.

Bí báǹkì yín bá gba owó kankan lọ́wọ́ yín nítorí ọjọ́ mẹ́ta tí a fi jáfara, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì yín, èmi fúnra mi ni mo máa dá a padà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìràwọ̀ kan yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni.

Àbúrò yín ló wà lọ́kàn mi báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi pè é. Ẹ ní kó lọ gba ìwé rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ò tíì ṣú, kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn, kó fi owó rọ́pò rẹ̀ bí wọ́n bá gbà. Bí wọ́n bá sì nà án sí i, kó má tì í sápò. Kó ṣí ojú ewé àwòrán wò níwájú wọn kó tó kúrò ní tábìlì.