Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìlà Kilíáráǹsì Gba Sáà Àkọ́kọ́ Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Ní gbogbo ìgbà tí yunifásítì bá gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, ohun kan náà là ń rí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kilíáráǹsì, yálà ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ á ti tò láti ìdájí, fáìlì á wà lábẹ́ apá wọn. Nígbà tó bá kan ọ̀kan nínú wọn, akọ̀wé á ṣí fáìlì rẹ̀, á ní orúkọ tó wà lórí èsì WAEC kò bá ti JAMB mu, kó lọ ṣe é wá. Ọmọ náà á kó ẹrù ìwé rẹ̀, ó di ilé, nígbà mìíràn ó di ìpínlẹ̀ mìíràn. Kó tó padà dé, olùkọ́ MTH 101, ìyẹn ìṣirò, ti kọ́ wọn dé orí kẹta, wọ́n sì ti ṣe tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́.

Ohun tí a dúró lé lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Kí yunifásítì yẹ ìwé ọmọ wò kó tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kó má sì fi ọ̀sẹ̀ tó dá ọmọ dúró sórí ìlà jẹ ọmọ náà níyà. Kí ọmọ àti àwọn òbí rẹ̀ náà sì parí gbogbo ohun tó bá ṣeé parí nílé kí wọ́n tó gbé àpótí sọ́kọ̀. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.

Sáà àkọ́kọ́ kì í ṣe sáà ìdánrawò. Máàkì tí ọmọ bá gbà nínú rẹ̀ wọ inú CGPA, ìpíndọ́gba máàkì tí wọ́n fi ń pinnu irú oyè tí ọmọ máa gbà, gẹ́gẹ́ bí ti sáà àṣekágbá ṣe ń wọ̀ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa tó ń lo òṣùwọ̀n 5, ẹni tó gba 70 sókè ní A, ìyẹn póìǹtì 5. 60 sí 69 jẹ́ B, póìǹtì 4. 50 sí 59 jẹ́ C, póìǹtì 3. 45 sí 49 jẹ́ D, póìǹtì 2. Wọ́n á sọ póìǹtì yìí di púpọ̀ ní iye yúníìtì kọ́ọ̀sì náà, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀sì oní-yúníìtì 3 tí ọmọ gba A nínú rẹ̀ fún un ní 15. Bó bá jẹ́ D, 6 péré ni. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á wá fi àpapọ̀ yúníìtì pín in.

Ẹ wo ọmọ tó fi orúkọ sílẹ̀ fún yúníìtì 20, tí ìlà àti ìrìn-àjò gba oṣù kan lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì gba 2.20 ní sáà àkọ́kọ́. Póìǹtì 44 ló ní lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ fi 3.50 parí ọdún àkọ́kọ́, níbi tí Second Class Upper, ipele oyè kejì láti òkè, ti bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kó póìǹtì 96 jọ nínú yúníìtì 20 ti sáà kejì. 4.80 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ A nínú gbogbo kọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ First Class, ipele oyè tó ga jù lọ, ló ń lé, tí í ṣe 4.50 sókè, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún mẹ́rin, 4.83 ni kó máa gbà ní sáà méjèèje tó kù. Ti Second Class Upper ṣì ṣeé lé bá o, nítorí 3.69 ní sáà méje yẹn á gbé e débẹ̀, torí náà kí ẹni tó ti kọsẹ̀ má sọ̀rètí nù. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ máa sáré tọ ohun tí akọ̀wé àti ìwé ìbí gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ti ọmọ tí wọ́n fún ní ẹ̀kọ́ tí kò yàn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ní òun á bọ́ sí ẹ̀ka mìíràn lẹ́yìn ọdún kan, èsì 100 level, ìyẹn ọdún àkọ́kọ́, ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Kọ́ọ̀sì tí ọmọ bá sì fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní padà wá títí di sáà àkọ́kọ́ ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ á wá máa kẹ́kọ̀ọ́ 200 level, carryover, kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, á tún wà lọ́rùn rẹ̀, aago tí wọ́n fi kọ́ọ̀sì méjèèjì sí á sì lè kọlu ara wọn.

Ìwé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ tí orúkọ bá ti jáde. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìkíni láti ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì tó. Orí CAPS, ètò tí JAMB ti ń lò láti ọdún 2017, ni ìgbaniwọlé ti ń fìdí múlẹ̀. Kí ọmọ wọ pọ́tàlì JAMB fúnra rẹ̀, kó tẹ̀ pé òun gbà á, kó sì tẹ ìwé ìgbaniwọlé JAMB jáde. Ẹni tó fi ‘awaiting result’, ìyẹn kí èsì rẹ̀ tó jáde, ṣe ìdánwò JAMB gbọ́dọ̀ rí i pé èsì WAEC tàbí NECO òun ti wà lórí pọ́tàlì JAMB. Ibùdó CBT, ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tí JAMB fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣe é. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, bí ẹni pé ọmọ ò ní èsì ni.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tẹ́ ìwé márùn-ún sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: èsì WAEC tàbí NECO, ìwé JAMB, NIN, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, àti ìwé ọmọ ìbílẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ fún yín. Kí ẹni kan máa ka orúkọ sókè létà kan tẹ̀ lé ìkejì, kí ẹlòmíràn máa wo ìwé tó kù. Níbi tí Oluwaseun ti di Seun, tí Adeniyi ti di Adeniji, tí ọjọ́ 3 oṣù 11 ti di ọjọ́ 11 oṣù 3, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Láti ìgbà tí JAMB ti ń fa orúkọ ọmọ láti inú NIN, àárín NIN àti WAEC ni àìbáramu náà sábà máa ń wà. Orúkọ orí WAEC ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n, nítorí òun ló ṣòro yí padà jù lọ. Ẹ lọ tún NIN ṣe kó bá a mu, kí ẹ tó tún ti JAMB ṣe. Ẹ má yí i sódì. Ẹni tó kọ́kọ́ sáré tún JAMB ṣe, tí NIN rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, owó ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ná. Ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ lè gba ọmọ sílẹ̀ bó bá jẹ́ pé àṣìṣe kékeré ni, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló mọ èyí tó máa gbà, torí náà ẹ béèrè kí ẹ tó lọ búra.

Kí gbogbo ìwé yìí ní fọ́tòkọ́pì mẹ́fà-mẹ́fà, kí àwòrán wọn sì wà lórí fóònù àti nínú ímeèlì ọmọ. Ẹ fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tì méjìlá kún un, kó jẹ́ àwọ̀ ẹ̀yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ní kó jẹ́. Kí ojúlówó ìwé má kúrò lọ́wọ́ ọmọ láìgba ìwé ẹ̀rí pé ó fi í sílẹ̀. Ní ti àyẹ̀wò ara, ẹ wádìí bóyá ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti sanwó X-ray àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé, tí wọ́n tún ní kí ọmọ lọ ṣe òmíràn.

Orí owó ìgbaniwọlé, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní acceptance, ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn wá jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ gbọ́dọ̀ san án kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ìwé rẹ̀ wò, owó náà kì í sì í padà. Bí wọ́n bá wá rí i lẹ́yìn náà pé kò ní kírẹ́dììtì nínú ẹ̀kọ́ kan tí ẹ̀ka náà béèrè, wọ́n á gba àyè ìkẹ́kọ̀ọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, owó òbí á sì dúró sọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí àlàyé tó lè sọ èyí di ohun tó dára. Èsì WAEC ti wà lórí pọ́tàlì kí wọ́n tó fún ọmọ ní ìgbaniwọlé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà. Títí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi yí ọwọ́ padà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ ka ohun tí ẹ̀ka òun béèrè nínú ìwé JAMB tí wọ́n ń pè ní brochure kí wọ́n tó san kọ́bọ̀.

Kí gbogbo owó tí ẹ bá máa san jáde láti ojú-ewé ọmọ náà lórí pọ́tàlì ilé-ẹ̀kọ́, kí nọ́ńbà RRR ti Remita, èyí tí wọ́n fi ń sanwó, jẹ́ èyí tó tibẹ̀ wá. Ẹni tó bá ní òun á bá yín san án ní ẹ̀dínwó, tó ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun, rìsíìtì irọ́ ló máa fún yín, ìgbà ìdánwò sì ni àṣírí máa ń tú.

Ẹ̀yáwó NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tí òfin ọdún 2024 gbé kalẹ̀, wà fún ọmọ tó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. Kò ní èlé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ á lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá béèrè owó ìgbọ́bùkátà á máa gba 20,000 náírà lóṣù sínú àkáǹtì tirẹ̀. Sísan án padà di ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú (NYSC). Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ dúró níbẹ̀ ni NIN àti BVN tí orúkọ wọn kò bára mu, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tíì fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Kí ọmọ ṣí àkáǹtì ní báńkì gidi, kó má fi ti wọ́lẹ́ẹ̀tì orí fóònù ṣe é. Kí ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé owó yìí fún oṣù àkọ́kọ́, ó lè pẹ́ kó tó dé. Oúnjẹ àti ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kó wà lọ́wọ́ ọmọ kó tó kúrò nílé.

Ibi tí ọmọ máa sùn kò gba àlàyé gùn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀dì nínú ọgbà, kó ka òfin họ́sítẹ́ẹ̀lì kó tó ra ohunkóhun, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í gba sítóòfù iná mọ̀nàmọ́ná. Ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀dì alájà méjì kì í gba ju fóòmù ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ìta ni, kí òbí dé inú yàrá náà, kó fa omi kànga wò, kó rí onílé lójú kó tó fún àjẹ́ńtì lówó.

Ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń ṣubú láìmọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, yúníìtì tí ọmọ lè mú ní sáà kan kì í dín ní 15, kì í sì í ju 24 lọ. Kọ́ọ̀sì GST, ẹ̀kọ́ tí gbogbo ẹ̀ka jọ ń ṣe, bíi GST 111, kì í ṣe ti eré; ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀ kò ní gboyè. Kí ọmọ tẹ fọ́ọ̀mù jáde, kó gba ọwọ́ level adviser, olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ ọdún rẹ̀, àti olórí ẹ̀ka sí i, kó sì tọ́jú ẹ̀dà kan títí yóò fi jáde. Kọ́ọ̀sì tí kò bá sí lórí fọ́ọ̀mù, ì báà gba 90 nínú ìdánwò rẹ̀, kò ní jáde lójú èsì. Ẹ má dúró de ọjọ́ tó kẹ́yìn, nítorí ọjọ́ náà ni pọ́tàlì máa ń dákú.

Kí ọmọ wọ kíláàsì láti ọjọ́ kìíní, bí kilíáráǹsì kò bá tilẹ̀ tíì parí. Olùkọ́ kò ní lé e. Tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ àṣetiléwá sábà máa ń gba 30 tàbí 40 nínú 100, wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó mọ orúkọ olùkọ́. Ìwé tí wọ́n fi ń sàmì sí wíwá kíláàsì kì í gbàgbé ẹni: ẹni tí kò bá pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n lè ní kó má jókòó ṣe ìdánwò. Àwọn ìbéèrè ọdún tó kọjá dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ka ìwé ni kó fi dán ara rẹ̀ wò. Ẹni tó bá fi wọ́n rọ́pò ìwé, ọdún tí olùkọ́ bá yí ìbéèrè padà ló máa kàgbákò.

Ẹ jọ̀wọ́, kí òbí bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ òkùnkùn kó tó lọ, láìfi bò. Inú oúnjẹ ọ̀fẹ́, ààbò, àti àríyá alẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n tí ọmọ kò mọ̀ rí ni wọ́n máa ń gbà fà á. Kí ọmọ mọ̀ pé bí òun bá pe ilé ní aago méjì òru pé kí ẹ wá gbé òun, ẹ máa wá láìbínú.

Ọmọ tí àìsàn tàbí owó kò jẹ́ kó lè wọlé, kí ó má kàn jókòó sílé. Kó kọ ìwé sí ilé-ẹ̀kọ́ láti sún ìgbàwọlé rẹ̀ síwájú, kó sì gba èsì rẹ̀ ní àkọsílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ yunifásítì ni ìyókù wà. Kí wọ́n gbé àkójọ ìwé tí wọ́n máa béèrè síta lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé orúkọ jáde, kí ó jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo ẹ̀ka. Kí wọ́n pín ọjọ́ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹni ọgọ́rùn-ún má dúró de akọ̀wé kan. Kí wọ́n máa gba ìwé tó ṣeé gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé ọmọ, kí ojúlówó nìkan jẹ́ ohun tó máa gbé wá. Kí owó ìgbaniwọlé padà sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá kọ̀ nítorí ohun tó ti wà lójú ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí Sẹ́néètì yunifásítì kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹ̀kọ́ níbẹ̀, sì fi òfin dè é pé olùkọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ ṣe tẹ́ẹ̀sì tó ní máàkì fún 100 level kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn kilíáráǹsì bá ti sé.